Òfin Ilé fún Ọdún 2160

Àǹtí Mọ́nsúrátù kò ga. Tí wọ́n bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn ní Wharf Road, ìborùn wọn nìkan ni ẹni tó ń kọjá máa rí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tẹ ìwé fún àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté. Tábìlì kan, àga méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló kún ṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tí tírélà bá ń kọjá, tábìlì náà á máa gbọ̀n, Àǹtí á sì fi orúnkún di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láìdá iṣẹ́ dúró.

Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí pé inú ilé kan náà la jọ ń gbé ní Olódì-Apápá. Ilé náà ní yàrá mẹ́rìnlá, balùwẹ̀ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, àti ẹ̀rọ omi kan ní àgbàlá. Yàrá kẹsàn-án ni ti Àǹtí. Yàrá kọkànlá ni tiwa, èmi àti màmá mi.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Àǹtí sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn mú wọn wá sí Àmúkókò. Wọn kò kàwé kọjá ìwé kẹfà. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n kọ́, láti ayé taipuráítà tó ń pariwo bí òjò orí páànù. Wọ́n sọ fún mi pé orúkọ àwọn ìlú tó máa ń wà lórí ìwé ẹrù ló mú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú jìnnà.

"Lójoojúmọ́ ni mò ń tẹ orúkọ ìlú tí mi ò lè dé," ni wọ́n wí. "Ni mo bá ní, bí mi ò bá lè dé ìlú wọ̀nyẹn, ṣé mi ò lè dé ọdún tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn nìyẹn. Tí oníbàárà kò bá sí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé tó ti bàjẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n á lẹ ojú ìwé tuntun kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kí àwa ọmọdé lè máa kà á bí a bá tò fún omi. Ọdún 2160 ni ìtàn náà. Òkun ti gun orí ilẹ̀ Apápá, àwọn ènìyàn sì ti kọ́ ilé ńlá kan tó ń léfòó lórí omi, tó ń bá ìgbì lọ sókè sódò. Kọntéínà ń fò lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí lékeléke. Ìyá àgbà kan tó ti pé ọgọ́rin ọdún ni ọ̀gá àwọn awakọ̀ òfúrufú, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sinmi. Olùkọ́ wa sọ pé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí, inú wọn dùn pé ó ní orúkọ.

Mo ti rò pé ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n mi orí.

"Ẹ̀rọ ò ṣòro, Zulfah. Ẹnikẹ́ni ló lè rò pé tírélà á fò. Èyí tó ṣòro ni kéèyàn rò pé ọkùnrin á gbálẹ̀."

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ilé wa ní àṣà kan tí mi ò rí ẹni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ló ń fọ balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, obìnrin ló sì ń gbá àgbàlá. Yàrá tí obìnrin bá wà ló ń gba ọ̀sẹ̀. Yàrá tí ọkùnrin bá ń dá gbé kì í gba nǹkan kan. Yàrá márùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tiwa máa ń tètè yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ni yàrá kìn-ín-ní, níbi tí Bàbá Gbàdàmọ́sí ń gbé. Àwọn ni kíátékà tó ń bójú tó ilé fún onílé, ọwọ́ wọn sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá mítà iná ń wà. Ní gbogbo oṣù Ṣẹẹrẹ, Bàbá á fi ọwọ́ kọ ètò ọ̀sẹ̀, Àǹtí á tẹ̀ ẹ́, Bàbá á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ìwé onílé tí kì í ṣe Àǹtí ló tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwé ilé wa fi ní ojú kan náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Queen, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gbé yàrá keje, dúró síwájú ìtàn náà pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ó kà á tán, ó yíjú sí Àǹtí.

"Àǹtí, ta ló ń fọ balùwẹ̀ ní ilé orí òkun?"

"Ẹ̀rọ ni, Queen."

"Ta ló ń fọ ẹ̀rọ náà?"

Ìyá Queen, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Oghogho, bú sẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà wọn.

"Ẹ má dá a lóhùn o! Bó ṣe ń bi mí léèrè lánàá nìyẹn tí ọbẹ̀ mi fi jóná."

Ṣùgbọ́n Àǹtí kì í ṣe ẹni tó máa ń gbàgbé ìbéèrè. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó rí ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ojú ìwé tuntun náà kò dà bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ogun tàbí ìjì. Òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé orí òkun ni Àǹtí kọ, bí wọ́n ṣe rò pé yóò rí. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

ÒFIN ILÉ. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fọ balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin ló wà níbẹ̀, ìbáà ṣe obìnrin. Bákan náà ni àgbàlá gbígbá. Nídìí omi, ẹni tó bá gbé ọmọ pọ̀n ni yóò kọ́kọ́ pọn omi, kì í ṣe ẹni tó lágbára jù. Kò sí kíátékà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá mítà yóò máa yí láti yàrá dé yàrá ní oṣooṣù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọn kò kọ orúkọ ìtàn sókè, nítorí àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, òjò ti mú ògiri ẹ̀bá ẹ̀rọ omi tutù rinrin, gọ́ọ̀mù kò sì mú ìwé mọ́ ọn. Àǹtí bá lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gba ibi iṣẹ́ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Gbàdàmọ́sí kò sí nílé. Wọ́n ti lọ ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn ní Ṣakí.

Bọ̀dá Chibuike ló kọ́kọ́ rí i. Yàrá kẹta ni wọ́n ń dá gbé, wọ́n sì ń ta ẹ̀yà ara tírélà. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á. Wọ́n pe Queen tó ń kọjá lọ.

"Queen, wá bá mi ka ìwé yìí. Kí ni onílé tún ní ká má ṣe?"

Queen gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ohùn olùkọ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bọ̀dá Chibuike ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Ọkùnrin náà?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

"Àti ọkọ̀ òfúrufú?" Bọ̀dá Chibuike wo ọ̀kadà wọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n poṣé. "Èmi ni wọ́n ń bú. Wọn ò kàn fẹ́ dárúkọ mi ni." Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ọ̀kadà náà lọ sẹ́yìnkùlé.

Ní ọjọ́ Sátidé, Àǹtí kò lọ sí ibi iṣẹ́. Wọ́n jáde láti lọ wẹ̀, wọ́n bá Bọ̀dá Chibuike nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò penpe, ìfófòó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ wọn, búrọ́ọ̀ṣì tuntun lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kọrin ìjọ wọn kíkankíkan.

"Chibuike! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí. Na law. Ẹ ò rí i lára ògiri ni? Mi ò ní í bá onílé jà nítorí balùwẹ̀. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó máa rí ojú yín nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Àǹtí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ti la ẹnu láti sọ òtítọ́. "Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn gan-an. Àmọ́ mo wo ilẹ̀ balùwẹ̀, Zulfah. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà nílé yìí, mi ò mọ̀ pé funfun ni ilẹ̀ yẹn."

Èmi náà mọ̀ pé ìtàn ni, mi ò sì sọ. Ojú máa ń tì mí láti bá àgbà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ló pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tiwa ni ì bá jẹ́ tẹ̀ lé e. Àmọ́ láti ìgbà tí Bọ̀dá Chibuike ti fi yàrá kẹta bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà yàrá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bàbá tó ń jó irin ní yàrá kẹrin ló sì gba ọ̀sẹ̀ náà, mo sì dé ilé-ẹ̀kọ́ kí agogo tó lù ní gbogbo ọjọ́ márààrún.

Bàbá Gbàdàmọ́sí dé láti Ṣakí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kejì. Wọ́n pàdé bàbá tó ń jó irin lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kí wọ́n tó gbọ́ èsì, Ìyá Queen ti jáde, wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá, wọ́n sì na ọwọ́.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ mítà wá. Àwa ni oṣù yìí kàn."

"Oṣù wo?"

Wọ́n mú Bàbá lọ síwájú ògiri. Bàbá wọ dígí wọn, wọ́n kà á. Wọ́n bọ́ dígí, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. Nígbà tí wọ́n dé ibi kẹrin, wọ́n ka ìyẹn jáde lẹ́nu: "Kò sí kíátékà." Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an. "Kò sí kíátékà. Nígbà tí mo lọ jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó!"

Wọ́n ní kí gbogbo ilé péjọ sí àgbàlá. Kí wọ́n tó béèrè ẹni tó ṣe é, Àǹtí Mọ́nsúrátù ti bọ́ síwájú, wọ́n kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Ìtàn ni. Ti àwọn ọmọdé ni. Ọdún 2160 ni mo kọ ọ́ fún, ògiri ló tutù tí mo fi lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo sì rí i pé wọ́n ń tẹ̀ lé e, mi ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́."

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn Bọ̀dá Chibuike.

"Ẹ dúró ná. Ìtàn ni mo fọ ṣáláńgá fún?"

Ìyá Queen kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bàbá tó ń jó irin tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń di ìhà mú. Bọ̀dá Chibuike kọjú sí Queen.

"Ìwọ! O mọ̀ pé ìtàn ni, o sì ń wò mí?"

"Ẹ ní kí n bá yín kà á," ni Queen wí. "Mo sì ka ohun tí wọ́n kọ."

Bọ̀dá Chibuike fúnra wọn rẹ́rìn-ín sí èyí. Ṣùgbọ́n Bàbá Gbàdàmọ́sí kò rẹ́rìn-ín. Bóyá tí ilé kò bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọ̀. Wọ́n na ìka sí Àǹtí.

"Èmi lo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ kékeré. Ó dáa. Kó ẹrù rẹ. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, mi ò fẹ́ rí ọ nílé yìí. Màá fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí."

Ẹ̀rín tán. Gbogbo wa ló mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àǹtí kò lọ́kọ. Kí wọ́n tó rí yàrá kẹsàn-án gbà, ilé méje ni wọ́n ti lé wọn lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo onílé ń bi wọ́n: "Níbo ni ọkọ rẹ wà?" Màmá mi bẹ Bàbá, Ìyá Queen bẹ̀ wọ́n, Bọ̀dá Chibuike dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbá. Bàbá wọ yàrá wọn lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù láti tẹ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìsọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà wọn. Àfi bí ẹnì kan ṣe dí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Bàbá Gbàdàmọ́sí ni. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ wà ní ọwọ́ wọn, wọn kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo wá tẹ ìwé," ni wọ́n wí.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó. Ìwé wo ni?"

"Tìrẹ."

Àǹtí wò wọ́n. Bàbá wúkọ́. "Níbo ni kí n tún gbé e lọ? Ọwọ́ rẹ ni ìwé onílé wà, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó."

Mo rò pé Àǹtí máa sunkún. Wọn kò sunkún. Wọ́n rọra gbé iṣẹ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n sì ṣí ojú ìwé tuntun. Wọ́n tẹ orúkọ onílé. Wọ́n tẹ ọjọ́. Wọ́n tẹ orúkọ ara wọn, wọ́n sì sọ fún Bàbá pé nọ́ńbà yàrá kò sí nínú ohun tí Bàbá kọ. Bàbá ní kí wọ́n fi sí i. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Àǹtí dúró.

"Ẹ ò kọ ìdí, Bàbá. Ìwé báyìí gbọ́dọ̀ ní ìdí. Kí ni ká kọ?"

"Kọ pé... kọ pé ayálégbé náà fi òfin èké sórí ògiri."

"Ìtàn ni, Bàbá."

"Kọ pé ó pa kíátékà rẹ́."

"Mi ò pa yín rẹ́ o. Mo kàn rò pé nígbà tó bá máa fi di ọdún yẹn, ẹ ó ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ ó ti máa ṣe èyí tó wù yín."

"Iṣẹ́ wo ló wù mí?"

"Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ló yẹ kí n bi kí n tó kọ ọ́. Mi ò bi yín, mo sì tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ wo ni, Bàbá? Ká ní kò sí ẹni tó máa sọ pé ti ọkùnrin rèé, ti obìnrin rèé."

Tírélà kan ń kọjá lọ. Tábìlì gbọ̀n, Àǹtí fi orúnkún dì í mú. Bàbá dúró títí tírélà náà fi lọ tán. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìta ni wọ́n kọjú sí.

"Irun dídì."

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà wo iwájú ẹsẹ̀ mi.

"Nígbà tí ọwọ́ ń dun ìyá mi ní Ṣakí, èmi ni mo ń dirun fún wọn," ni Bàbá wí. "Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló dirun yìí, wọ́n á ní onídìrí kan ló wá láti Ìgbòho. Ọjọ́ tí bàbá mi ká mi mọ́, wọ́n ju ìyarun náà sórí òrùlé. Mi ò tún fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́." Wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ní ọdún tí ò ń wí yìí, ṣé wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n á máa tò ní ẹnu ọ̀nà yín láti ìdájí, Bàbá. Awakọ̀ òfúrufú ò ní gbéra kí ẹ tó dirun fún wọn."

"Ìyá arúgbó yẹn?" Ó hàn pé Bàbá ti ń ka ìtàn náà láti ọjọ́ yìí wá.

"Àwọn gan-an. Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n gbé e mì kíákíá. Wọ́n jókòó sórí àga kejì. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì ń dúró de ìdí.

"Pa á rẹ́," ni wọ́n wí.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Orúkọ onílé ni kó o fi sílẹ̀, àti ọjọ́. Ètò ọ̀sẹ̀ ni ká fi ojú ìwé náà tẹ̀. Mi ò lè sọ fún Chibuike pé kó má fọ balùwẹ̀ mọ́. Ó ti ra búrọ́ọ̀ṣì. Kọ gbogbo yàrá tẹ̀ léra. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ mítà, ọwọ́ mi ló máa wà o, má gbà á sí eré."

"Mo gbọ́, Bàbá." Àǹtí pa ìyókù rẹ́. "Yàrá wo la ó fi bẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejì, èyí tó tẹ̀ lé yàrá mi."

Àǹtí kò tẹ nǹkan kan. Wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n ń wo Bàbá tìfẹ́tìfẹ́. Bàbá wo òrùlé, wọ́n wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n wo èmi pàápàá bí ẹni pé mo máa gbà wọ́n.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ìkíní."